Éékà Méjì Tí Harm Yọ Sílẹ̀

Arlene Tjaden sáré jáde láìwọ bàtà. Ìró katakata ló gbọ́. Wendell, àbúrò Harm ọkọ rẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, ó ń gé koríko pápá létí títì.

"Wendell! Pa á! Pa á, mo ní!"

Wendell pa á. "A máa ń kíra wa káàárọ̀ níbí tẹ́lẹ̀ o."

"Ta ló ní kí o gé e?"

"Ẹ̀gún ti kún ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò ó. Wọ́n á ní torí Harm ti kú ni pápá Tjaden ṣe digbó."

"Igbó yẹn nìjọba ń sanwó rẹ̀, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Ọdún kẹta rèé tí owó náà ti ń wọlé, kí wọ́n má baà gbin àgbàdo síbẹ̀ mọ́, kí koríko lè di ilẹ̀ mú nígbà òjò. Láti àárín oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Keje, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń sàba nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gé e yóò dá gbogbo owó padà. Arlene ti fi owó náà san owó orí ilẹ̀ àti gbèsè ilé ìwòsàn Harm. Oṣù Kẹfà ni wọ́n wà. Aago mẹ́wàá òní sì ni olùyẹ̀wò ń bọ̀.

Iṣẹ́ tí a kò ránni, òun ìyà ní í jọ ń rìn. Ṣùgbọ́n ìyà ti Wendell yìí, ilé ẹlòmíràn ló forí lé.

Olùyẹ̀wò náà, Janelle, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bàtà òjò, dé lásìkò. Ó wo koríko tí wọ́n gé.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni Wendell wí. "Arlene ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Janelle tú àwòrán ilẹ̀, ó wọ inú koríko lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nahùn pè wọ́n. Òpó funfun kékeré kan ló dúró tì.

"Ẹ wò ó, mà. Ibí ni ààlà. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà tó wà létí títì kò sí nínú àdéhùn yín. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀."

Arlene mí kanlẹ̀. Ogójì éékà ni pápá náà, méjìdínlógójì péré ni Harm kọ sínú àdéhùn. "O fẹ́ fi éékà méjì ṣòfò?" ni Arlene bi í lọ́jọ́ àdéhùn. "A máa nílò rẹ̀," ni Harm fèsì. Arlene, tó máa ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì sá sóòrùn kó lè tún un lò, bínú débi pé ó tọwọ́ bọ̀wé láìwo àwòrán.

Nígbà tí ọkọ̀ Janelle lọ tán, Wendell jókòó sórí táyà, ó ń fi fìlà nu ojú.

"Ọwọ́ mi ò lè gbélẹ̀, Arlene. Harm máa ń sọ fún mi pé bí wọ́n bá sin èmi Wendell, màá dìde gé koríko orí sàréè ara mi."

Arlene wò ó. Ó wo òpó funfun náà, ó wo títì, ó sì tún wo bí ẹ̀rọ Wendell ṣe fẹ̀ tó. Àṣé Wendell ni Harm ń rò nígbà tó ní àwọn máa nílò éékà méjì yẹn.

"O ò tíì dé ìdí òpó," ló wí. "Ó ku ìlà méjì. Gé e tán."