Òkun Tí Wọ́n Tì Pa

Wọ́n ti ti òkun pa. Ilẹ̀kùn pákó ni wọ́n fi tì í, ó dúró ní etí omi, ó sì gùn lọ títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́. Kò yà Mákanjú lẹ́nu. Bí omi bá gbé ènìyàn lọ ní ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n títí wọn yóò fi rí òkú olúwarẹ̀ sin. Dárámọ́lá, ẹ̀gbọ́n Mákanjú, ni wọ́n ń dúró dè lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ keje sì nìyẹn. Ká tilẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, omi kọ́ ló gbé e lọ. Ọkọ̀ apẹja ńlá kan ló gun orí ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ràn, tí aṣọ pupa tó so mọ́ òpó ọkọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ńlá náà kò dúró bojú wẹ̀yìn.

Gbogbo ìlú jókòó sórí iyanrìn, ebi ń pa wọ́n. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà bẹ Mákanjú pé kó da omi sí òun lẹ́yìn, ara òun ti ń sán. Ó da omi sí i. Òun náà kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí i nínú, nítorí bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe fún ẹni tó kú sómi nìyẹn. Ohun tó ń bí i nínú ni ariwo tó ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá. Ó fi ojú sí àlàfo tó wà láàárín pákó méjì. Ọkọ̀ ńlá náà wà níbẹ̀, ó ń wọ́ àwọ̀n lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kú.

Nígbà tó gbé ojú kúrò, yàrá ìyá wọn ló bá ara rẹ̀. Dárámọ́lá jókòó lórí àpótí, omi ń ro tótó lára aṣọ rẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ. Ìyá wọn gbé púpurù àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, ó ní kó fọwọ́. Mákanjú dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ wálé, Ẹ̀gbọ́n, ká lè sin yín."

"Mo ń bọ̀ náà ni. Àwọn ni kò jẹ́ kí n dé." Dárámọ́lá bu òkèlè kan. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọ̀n wọn ti kó mi sókè. Wọ́n ní èmi kọ́ ni àwọn ń wá, edé ni. Wọ́n dà mí padà pẹ̀lú àwọn ẹja tí kò tóbi."

"Ṣé wọ́n rí ojú ẹ?" ni ìyá wọn bi í.

"Wọ́n rí i, Màmá."

Ìyá náà dé ìkòkò ọbẹ̀. Ògiri yàrá di irin, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Mákanjú sì rí i pé inú ọkọ̀ ńlá náà lòun wà. Àwọn edé ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n jókòó sórí àga nínú yàrá tútù, olúkúlùkù wọn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Dárámọ́lá kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ rí títí ó fi kú. Edé ni wọ́n fi wọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ wà láàárín wọn, ó ń mu tíì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti ti òkun," ni Mákanjú wí. "Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀."

"Ta ló fún yín láṣẹ láti tì í?"

"Òkú wa ni, sà."

"A ò rí òkú kankan. Ìdọ̀tí la rí."

Inú bí Mákanjú. "Ìdọ̀tí tí ẹ rí yẹn," ló wí, "òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òun ló ń bọ́ ìyá wa."

Ọ̀gá ọkọ̀ ro tíì rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fa àwọ̀n sókè, wọ́n tú u sílẹ̀. Edé dà sílẹ̀ wìì, ẹja wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Dárámọ́lá. Òṣìṣẹ́ kan ṣa edé tán, ó ti ṣọ́bìrì bọ abẹ́ èyí tó kù, ó ń gbá wọn lọ sétí ọkọ̀. Mákanjú fò mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Má fi mí sílẹ̀, àbúrò," ni Dárámọ́lá wí.

"Fi í sílẹ̀," ni ọ̀gá ọkọ̀ wí, láìbínú rárá. "Ó ń dí wa lọ́wọ́."

Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣọ́bìrì ń tì wọ́n lẹ́yìn, omi sì ti dé ẹsẹ̀ Dárámọ́lá. Mákanjú fi ọwọ́ kejì kún un. Ọwọ́ tó dì mú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Bàbá Bọ́láńlé," ni obìnrin kan wí, "ọwọ́ mi lẹ dì mú. Ó ń dùn mí."

Ilẹ̀ ti mọ́. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rí ẹní, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ìyàwó òun ni. Kò tú u sílẹ̀.