Òpó Tí Kò Ní Àmì

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà ní Alálàyé, nítorí kò sí ohun tí kì í ṣàlàyé, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Àfi ọjọ́ tó tẹ́ àwòrán tó yà fún ilé tuntun ìyá rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, tó ní kí ìyá máa wò ó, tó sì bọ́ síta lọ dáhùn fóònù.

Ògiri ilé náà ti sán lápá ẹ̀yìn. Alálàyé fẹ́ wó o kó tún un kọ́ kí òjò tó dé, ṣùgbọ́n ìyá ní òun ò ní gbà, àfi bí òun bá rí ohun tó fẹ́ fi rọ́pò ilé tí ọkọ òun kọ́ kó tó kú. Ìyá wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. Kò rí yàrá, kò rí fèrèsé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ibẹ̀, àwọn mìíràn gé wẹ́wẹ́ bí ojú ìránṣọ, pẹ̀lú àwọn onígun mẹ́rin dúdú kéékèèké. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn: OPO. Ìyá kà á: opó nínú pálọ̀, opó ní ilé ìdáná, opó lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣé ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí ni yóò wá kọ ọ́ sára ilé? Inú bí i, ó ká bébà náà.

Nígbà tí Alálàyé wọlé, ìyá ní kò sí ilé tí ẹnikẹ́ni máa wó. Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Òpó ni, Màámi. Òpó tó ń gbé ilé ró. Mi ò fi àmì ohùn sí i ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó tú bébà náà, ó ṣàlàyé pé egungun ilé nìyẹn. Àwọn ìlà tó gé wẹ́wẹ́ jẹ́ ohun tó wà lókè orí èèyàn, tí kò ní hàn mọ́ bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, síbẹ̀ tó di ilé mú. Ìyá bi í léèrè òpó wo ni ẹrù rẹ̀ wúwo jù. Ọmọ fi ìka kan ti àárín pálọ̀.

"Bí eléyìí bá yẹ̀, gbogbo òkè máa wálẹ̀. Bíi tiyín ló rí. Látìgbà tí Bàbá ti lọ, ẹ gbé wa débi pé a ò mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀. Ẹ ṣé, Màámi. Mi ò sọ ọ́ rí."

Ìyá ń nu awò ojú tí kò dọ̀tí. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó yá, ó ní kí ọmọ wó ilé náà nígbà tó bá wù ú, àmọ́ kó tètè fi àmì sórí òpó wọ̀nyẹn, kí àwọn bíríkìlà má baà máa wá àwọn opó kiri àdúgbò. Alálàyé rẹ́rìn-ín, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe dé àárín pálọ̀, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní. "Méjèèjì ni mí."