Ọjọ́ Tí Ásíìdì Ṣáájú Omi

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì mọ́tò, Ìyá Ìbejì ló ń po ásíìdì ní láàbù. Bí ẹni tuntun bá dé, òun náà ló máa ń kọ́ ọ: "Omi ni kó kọ́kọ́ wọ ife. Kí ásíìdì wá máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyá tó bí Ìyá Ìbejì wà ní ọsibítù. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń tòògbé mọ́jú, ibẹ̀ ló sì ti ń wá síbi iṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ wà ní láàbù, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ásíìdì ló kọ́kọ́ dà sínú ife, ó wá da omi lé e.

Ife náà hó ṣùù, ó ta sókè. Awò tó wọ̀ sójú gba ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ásíìdì ta sí i lápá, níbi tí ìbọ̀wọ́ kò dé.

Màmá Awò, ọ̀gá wọn, fò dé. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹni tí kò bá wọ awò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò lójú rẹ̀. Ó wọ́ Ìyá Ìbejì lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ti apá náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kò jẹ́ kó yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì bú sẹ́kún. "Èmi tí mo ń kọ́ gbogbo wọn, mà! Omi fúyẹ́, orí ásíìdì ló máa ń wà. Ooru tí wọ́n bá jọ mú jáde á mú un hó lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n ásíìdì ká."

"Ta ló ní o ò mọ̀ ọ́n? Bí omi bá ti pọ̀ nílẹ̀, òun ló máa gba ooru náà mọ́ra. Ojú rẹ ni mò ń wò, ó ti pọ́n jù. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ pátá.

"O sì dákẹ́? Ṣé bí mo ṣe burú tó nìyẹn?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń ṣàwáwí ni, mà."

"Àwáwí kẹ̀? Ìyá ẹni ni wọ́n ń pè ní àwáwí?"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ di ọgbẹ́ náà tán, Màmá Awò fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e dé ọsibítù tí ìyá rẹ̀ wà. Ìyá arúgbó rí báńdéèjì lápá ọmọ rẹ̀, ó gbórí sókè.

"Nínú àwa méjèèjì, ta ni aláìsàn?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Màmá Awò bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí àga.

"Ìwọ máa lọ sílé lọ sùn," ó ní. "Èmi àti màmá á máa tàkúrọ̀sọ."