Bàbá Tí Ẹ́ldà Fi Dọ́sítà Nù Kúrò

Ẹ́ldà Ìbíkúnlé kò ní irùngbọ̀n kan ṣoṣo lágbọ̀n, síbẹ̀ Ẹ́ldà ni gbogbo àdúgbò ní Yaba ń pè é. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójú ọ̀nà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àgbà ìjọ, ìgbà wo lo dàgbà?" Òun náà a sì rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ṣe ń pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bá rán jáde lọ wàásù nìyẹn, ì báà ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti rán an wá ní ọdún 1991, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, àti báàjì dúdú pélébé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ́ldà Ekpo, ọmọ Uyo tí kò gbọ́ Yorùbá, ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́. Òfin wọn ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ ya ara wọn, nítorí náà ibi tí ọ̀kan bá wà lẹ ó ti rí èkejì.

Ohun kan ló ń jẹ Ìbíkúnlé lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti dé Yaba, kò tíì ri ẹnì kankan bọ omi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà ní Aba ń ránṣẹ́ ayọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n ní ti tirẹ̀, àwọn ará Yaba a fún un ní àga, wọ́n a fún un ní omi tútù, wọ́n a gbọ́ ọ dópin, wọ́n a sì kí i pé ó dìgbà o. Kíláàsì àwọn ọmọdé nìkan ló kù tó fi ń gbéra ga. Yàrá kan tó ti jẹ́ ilé ìdáná rí, lẹ́yìn ilé tí ìjọ háyà, ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọjọ́ Ìsinmi. Níbẹ̀, Ìbíkúnlé a bọ́ sí iwájú bọ́ọ̀dù, a ju ṣọ́ọ̀kì sókè, a hán an, àwọn ọmọ a sì pariwo. Bí ó bá ní kí wọ́n wí, wọ́n a wí. Bí ó bá ní kí wọ́n wí i sókè, ilé ẹni ẹlẹ́ni lódìkejì títì a gbọ́ ọ.

Nínú gbogbo wọn, Christabel ló mú jù. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni, lọ́dọ̀ Àǹtí Rosaline ní Surulere ló sì ń gbé. Àǹtí Rosaline ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni tẹ́lẹ̀ kó tó di Mọ́mọ́nì, ó sì ní ọmọ tirẹ̀, Lydia, tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Mọ́mì ni Christabel ń pè é. Ẹni tó bá gbé Èkó mọ̀ pé ìyẹn kò sọ nǹkan kan, torí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ibikíbi, Mọ́mì ni yóò pe ìyá ilé. Ìbíkúnlé náà mọ̀. Ó rí i pé ọmọ náà ló máa ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó rí i pé sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àǹtí Rosaline ní kí wọ́n ri ọmọ náà bọmi, ìyẹn sì ti tó fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìbọmi náà, ẹ̀kọ́ ìdílé ló kọ́ wọn. Nínú ìjọ wọn, wọ́n gbà pé ìdílé kì í tú ká, pé ẹ̀yin àti àwọn èèyàn yín yóò jọ wà títí láé, kódà lẹ́yìn ikú. Ìbíkúnlé ya ilé ńlá kan sójú bọ́ọ̀dù, ó ní kí oníkálukú wá sọ àwọn tí yóò bá a gbé inú ilé náà. Nígbà tó kan Christabel, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá mi, ìyá mi, àti Sẹ̀tónjí àbúrò mi. Makoko ni wọ́n wà. Bàbá mi ń pẹja."

Ìbíkúnlé ti kọ "Bàbá" kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ìyókù. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ọmọ Ègùn ni! Abájọ tó ń rùn bí ẹja yíyan!" Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu Ìbíkúnlé pàápàá. Kí ó tó gbé e mì, ọmọ náà ti rí i.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Òfin ìjọ wọn kò fara pamọ́: ẹ kò gbọdọ̀ ri ọmọ kékeré bọmi láìjẹ́ pé bàbá àti ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi, ààrẹ míṣọ̀n, ọ̀gá gbogbo àwọn tí wọ́n rán jáde lọ wàásù, fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Makoko, tí yóò máa ṣàlàyé Mọ́mọ́nì fún apẹja kan láàárín èéfín ẹja? Bí bàbá náà bá sì kọ̀ ńkọ́? Ìbíkúnlé mú dọ́sítà, ó sì nu "Bàbá" kúrò lójú bọ́ọ̀dù.

"Rárá o, Christabel. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ ni fámílì ẹ. Ta ló ń mú ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mọ́mì ni."

"Ehn-ehn! Àwọn tó wà ní Makoko, èèyàn ẹ ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe fámílì ẹ. Ó yá, wí i."

Ọmọ náà wo bọ́ọ̀dù, ó wo ojú rẹ̀. Ó wí i wúyẹ́wúyẹ́. Ìbíkúnlé ní kó wí i sókè. Ó wí i sókè. Ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì fún un ní súìtì méjì.

Lọ́nà ilé, Ẹ́ldà Ekpo, tó ti gbọ́ "Bàbá" àti "Makoko" nínú gbogbo Yorùbá yẹn, sọ pé, "My brother, that pikin get papa. Make we go see am."

Ìbíkúnlé dá a lóhùn pé, "Auntie don agree. Leave am." Ó sì yára rìn síwájú, bí ẹni tí òjò fẹ́ pa.

Nígbà tó di Sátidé, omi ti kún kòtò símẹ́ńtì tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Ààrẹ míṣọ̀n dé, òyìnbó gíga kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń kọrin. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún Christabel, Ìbíkúnlé náà wọ funfun látòkè délẹ̀, ó sì bọ́ bàtà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí jẹun àárọ̀.

Ìgbà náà ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti ẹnu géètì. Bùbá búlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló wọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi bébà símẹ́ńtì bò dání, òórùn ẹja yíyan sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìbíkúnlé ló pàdé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Pásítọ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì tẹ orí ba fún ọmọ tó lè bí. "Mo dé ilé Madam ní Surulere, wọ́n ní ibí ni wọ́n wà. Ọmọ mi ni mo wá mú. Sénámì. Ìyá ẹ̀ bímọ, a fẹ́ sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ Ajé. Ó yẹ kó wà ńbẹ̀."

"Kò sí Sénámì níbí, sà," ni Ìbíkúnlé fèsì. Ó mọ̀ pé Christabel ni ọkùnrin náà ń wí.

Ṣùgbọ́n bàbá náà ti rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. "Sénámì!" Ọmọ náà yí orí kíá, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lójú rẹ̀, kó tó rántí, tó sì wo ilẹ̀. Orin dákẹ́.

Ààrẹ rìn bọ̀, ó fi èdè òyìnbó béèrè bóyá bàbá ọmọ náà nìyí. Àǹtí Rosaline yára fèsì pé ìbátan ọmọ náà kan lásán ni. Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ́ldà, bá mi bi ọmọ náà."

Àsìkò tó lè sòótọ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná an. Àmọ́ ìrìbọmi tó ti ń retí láti ìgbà tó ti dé Yaba wà níwájú rẹ̀, omi rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ó yíjú sí ọmọ náà.

"Christabel, ta ni bàbá yìí jẹ́ sí ẹ?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Ó wo Ìbíkúnlé, bó ṣe máa ń wò ó kó tó dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Ó nàró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èèyàn mi ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe fámílì mi."

Ọmọ kan lẹ́bàá ògiri pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè é, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

"Kí lo wí?" ni bàbá náà bi í. Ọmọ náà rò pé wọn kò gbọ́ ni, ó tún un wí sókè.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó fi ìka tọ́ka sí Ìbíkúnlé, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. "Ẹ́ldà ni."

Bàbá náà gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Pásítọ̀. Èmi ò kàwé. Pé kó lè kàwé ni mo ṣe fi í fún Madam. Mi ò ní kí wọ́n bá mi gba bàbá lọ́wọ́ ẹ̀."

Ojú ti Ìbíkúnlé rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tì í báyìí. Ìtìjú náà gba gbogbo ara rẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ tútù títí dé etí rẹ̀. Aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ wá di ohun tó wù ú kó bọ́ sọnù. Ààrẹ ṣì dúró, ó ń retí ìtumọ̀. Ìbíkúnlé túmọ̀ rẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, ó sì fi kún un pé bàbá ọmọ náà nìyí, pé òun ti mọ̀, pé òun kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ààrẹ. Ó ní kò ní sí ìrìbọmi lónìí, ó sì bẹ apẹja náà ní èdè tí apẹja náà kò gbọ́. Àǹtí Rosaline pòṣé, ó fa Lydia lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Ìbíkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì tútù. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ṣẹ̀ yín."

"Ẹ dìde," ni bàbá náà wí. "Aṣọ yín ti dọ̀tí." Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kúrò lójú kan. Ó ń wo Ẹ́ldà. Bàbá náà dúró títí, ó wá sọ fún Ìbíkúnlé jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀. Tiyín ló ń gbọ́."

Ìbíkúnlé lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Sénámì, irọ́ ni mo kọ́ ẹ. Bàbá ẹ nìyí. Fámílì ẹ ni wọ́n."

"Ṣé mo gbà á tì ni?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Rárá. Èmi ni. Èmi ni mo gbà á tì."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó nàró, ó tún kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá mi nìyí," ló wí sókè. "Fámílì mi ni wọ́n."

Ṣùgbọ́n ojú Ìbíkúnlé ló ń wò bó ṣe ń wí i, ó ń retí kó sọ bóyá òun ti gbà á báyìí. Bàbá rẹ̀ sì rí ibi tó ń wò.