Yàrá Tó Tutù Jù Lọ

"Bíjì, ẹ dìde."

Bíjì, ìyá ọ̀gá, ò mira. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà àgbà, èyí tí wọ́n fi ń yẹ àwọn mítà yòókù wò, wọ́n gbé ife lassi, wàrà kíkan tutù, sí ìdí tábìlì, ọ̀rẹ́ wọn méjì sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Oòrùn oṣù Júùnù ń yan èèyàn láàyè ní ìlú Ambala, yàrá àyẹ̀wò tí Rupinder ti ń yẹ mítà wò yìí nìkan ló sì ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà.

"Kí n dìde lọ síbo, Rupinder? Sínú ààrò?"

"Ara yín ń mú ooru wá. Bí yàrá bá gbóná, irọ́ ni mítà àgbà á máa pa, gbogbo mítà tí mo bá sì fi yẹ̀ wò á di òpùrọ́ bíi tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ni àwọn mítà orí tábìlì wọ̀nyí. Àwọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn."

"Egungun lásán bíi tèmi ló ń mú ooru wá?"

"Egungun kẹ̀!" ọ̀rẹ́ wọn kan dáhùn. "Ẹnu rẹ nìkan tó se ìrẹsì jinná!"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Tarlochan, ọ̀gá, ti já wọlé, òógùn bò ó.

"Awakọ̀ ilé ìwòsàn ti dé. Buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí wọn kó máa kó wọn lọ."

"Mi ò tíì yẹ ẹyọ kan wò."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tí iná bá gbé lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Rupinder, ṣé o ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ẹ lé mi, sà." Ó na bírò sí i. "Ẹ wá fọwọ́ ara yín buwọ́ lù ú."

Tarlochan wo bírò náà bí ẹni wo àkekèé. Rupinder ò dúró dè é. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ká ẹní, ó jù ú síta.

Bíjì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Tarlochan! Bí ọkàn mi bá tún dáṣẹ́ dúró, ṣebí ilé ìwòsàn yẹn náà lo máa gbé mi lọ?"

Ọ̀gá jáde lọ bá awakọ̀. Bíjì rọra dìde, wọ́n jáde, àwọn ọ̀rẹ́ wọn kó ẹ̀wà tẹ̀ lé wọn.

Rupinder ti ilẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń dúró kí yàrá tutù. Ló bá gbọ́ ìró ọ̀pá, pàà, lára èèyàn.

"Bíjì! Èmi ni o!" Tarlochan ké. "Mo kàn fẹ́ wọlé sọ fún un kó yára ni!"

"Padà! Èmi egungun lásán, wọ́n lé mi. Ìwọ tó sanra báyìí ńkọ́?"

Rupinder rẹ́rìn-ín. Ó rí ife lassi nídìí tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó nà án síta. Bíjì jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n gba ife náà láì wẹ̀yìn.

"Pa ilẹ̀kùn dé, ọmọ yìí. Ooru ń wọlé!"