Ọjọ́ Ìsinmi Méje Nínú Ìwé Ìwọ̀n

1.

…tí mo fi ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, lórí ìdúró, kí n tó bọ́ báàgì kúrò léjìká. Gíga àgbàdo ní Àbámẹ́ta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Ti Ajé jẹ́ 12. Ti ọjọ́ Ìsinmi tó wà láàárín wọn kò lè ju 11.5 lọ. Mo kọ 11.5. Bírò kan náà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe máa ń parí: àfi Ọlọ́run.

2.

LÁTINÚ FỌ́Ọ̀MÙ TÍ MO KỌ NÍGBÀ TÍ MO WỌLÉ

Ìbéèrè: Báwo ni àgbàdo ṣe lè fara da iyọ̀ nínú omi tó?
Ohun èlò: ọgọ́ta àgbàdo, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, tábìlì mẹ́ta, rúlà kan.
Tábìlì kìíní: omi lásán. Èkejì: iyọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta: iyọ̀ púpọ̀.
Ọ̀nà: A ó máa wọn gíga wọn ní aago méje òwúrọ̀, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta.

Lójoojúmọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn.

3.

ÌKÉDE LÁRA ÒGIRI Ọ̀DẸ̀DẸ̀

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nínú iṣẹ́ ìwádìí, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìtàn òun èdè, yóò gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá ní ọjọ́ Ẹtì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá yege kò ní wọ ọdún kejì.
Ẹ má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ ìkéde yìí.

(Ẹnì kan ti lẹ àwòrán ológbò tó sọnù mọ́ ọn.)

4.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Màmá Rúlà: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi. A kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn.
Onítàn: èmi àti ẹ̀ la jọ ń pín yàrá iṣẹ́. Lẹ́tà àtijọ́ ló ń kà.
Bàbá Ọgbà: àwọn ló ń tọ́jú ilé àwọ̀n tí àgbàdo mi wà.
Ìyá mi: olórí ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wa.
Èmi: ẹni tó ń wọn àgbàdo.

5.

ÌPÈ LÓRÍ FÓÒNÙ

ÌYÁ MI: Ṣé o ti jẹun?
ÈMI: Mo ti jẹun, mà.
ÌYÁ MI: Irọ́ ni. Ohùn rẹ ò yó.
ÈMI: Mo fẹ́ jẹun, mà.
ÌYÁ MI: Ilé ìwé yẹn ò gba ọjọ́ Olúwa lọ́wọ́ rẹ?
ÈMI: Rárá, mà. Mi ò kì í débẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.
ÌYÁ MI: Mo mọ̀. Mo ti jẹ́rìí rẹ ní ìjọ. Mo ní ọmọ mi ń ṣe ìwádìí, kò fo ọjọ́ kan nínú iṣẹ́, kò sì ba ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ́. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?

6.

Òfin kẹrin: ọjọ́ ìsinmi. Òfin kẹsàn-án: ẹ̀rí èké. Mo di ọ̀kan mú, mo fi gbá èkejì lulẹ̀.

7.

Ọjọ́ keje. Gíga: 11.5. Ilé ìsìn ni mo wà.

8.

IṢẸ́ TÍ MÀMÁ RÚLÀ RÁN SÍ MI LÓRÍ FÓÒNÙ

Mo ti wo nọ́ńbà rẹ. Wọ́n mọ́ tónítóní. Kò sí àlàfo kan ṣoṣo. Ogún ọdún tí mo ti ń darí akẹ́kọ̀ọ́, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ dáadáa ni ọ́.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ka iṣẹ́ yìí. Iye yẹn, mo kà á ni, mi ò ṣírò rẹ̀.

9.

Ẹ jẹ́ kí n pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí n lè kọ ọ́ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni. Àgbàdo kò lè ti 11 dé 12 kó má gba 11.5 kọjá. Ó ti gba ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni kò rí i.

Ó lè bẹ Bàbá Ọgbà pé kí wọ́n bá òun wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹni tó bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi ti ṣiṣẹ́ náà. Nítorí náà kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé.

10.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbékalẹ̀. Bírò mi dá. Mo wá òmíràn lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé àwọ̀n. Ìwé Bàbá Ọgbà ni mo bá, tó so kọ́ ara ìṣó.

*Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ìjì ńlá kó tó di aago méje òwúrọ̀. Àwọ̀n ya. Tábìlì kejì dojú dé. Gbogbo àgbàdo orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀pá gbè wọ́n. Mẹ́ta fẹ́ ṣẹ́, mo fi okùn dì wọ́n. Aago méjì ọ̀sán ni mo parí. Mi ò rí ẹnikẹ́ni.*

Mo ti rí àwọn ọ̀pá náà ní ọjọ́ Ajé ìgbà yẹn. Mo rò pé Bàbá kàn ṣe mí lóore ni.

11.

ÌWÉ TÈMI, ỌJỌ́ KAN NÁÀ

Tábìlì kejì. Aago méje òwúrọ̀. Gíga: 63.5.
Àkíyèsí: Gbogbo wọn dúró dáadáa.

12.

ÈMI: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ ò sọ fún mi pé ìjì jà.
BÀBÁ ỌGBÀ: Ìwé wà lára ìṣó. Gbogbo yín lẹ kàwé, kò sẹ́ni tó ka tèmi.
ÈMI: Ṣé Màmá ti kà á?
BÀBÁ ỌGBÀ: Màmá Rúlà? Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń kà á. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.
ÈMI: Ọjọ́ mélòó ló kù?
BÀBÁ ỌGBÀ: Ìwọ tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ lo ń bi mí?
ÈMI: Wọ́n á ka ojú ewé ìjì yẹn náà?
BÀBÁ ỌGBÀ: Mo lè ya ojú ewé yẹn o. Ìwé mi ni.

Mi ò sọ pé kí wọ́n ya á. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ya á.

13.

YÀRÁ IṢẸ́, ỌJỌ́RÚ

ONÍTÀN: Lẹ́tà ìyàwó nìkan ló kù. Ti ọkọ ti ṣègbé. Gbọ́ èyí: “Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tà á, má bi mí mọ́.” Kí ló tà?
ÈMI: O ò lè fojú bù ú? Ó ṣáà ní èyí tó ṣáájú, ó ní èyí tó tẹ̀ lé e.
ONÍTÀN: Kí n bá òkú kọ lẹ́tà sí ìyàwó ẹ̀? Ṣé mo jọ ọkọ ẹ̀ ni?
ÈMI: Kí lo wá kọ síbẹ̀?
ONÍTÀN: “Kò sí.” Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo kọ “kò sí”. Olùdarí mi ní iṣẹ́ mi dà bí aṣọ tí ikán jẹ. Mo ní ẹ ṣáà rí ibi tí ikán jẹ dé, sà.
ÈMI: Ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì ò bà ọ́?
ONÍTÀN: Wo èwù ọrùn mi. Òdì ni mo wọ̀ ọ́ láti àárọ̀.

14.

Ọjọ́ kẹrìnlá. Gíga:

(Àlàfo.)

15.

ÀDÚRÀ, N KÒ PARÍ RẸ̀

Olúwa, Ìwọ rí àgbàdo náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi méjèèje. Ìwọ nìkan lo mọ gíga wọn. N kò bèèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ Rẹ. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé

16.

ỌJỌ́BỌ̀. SÍ MÀMÁ RÚLÀ

~~Ẹ káàsán, mà. Àṣìṣe kékeré kan wà~~

~~Ẹ káàsán, mà. Rúlà mi~~ (Rúlà ò mọwọ́-mẹsẹ̀.)

Ẹ káàsán, mà. Nọ́ńbà ọjọ́ Ìsinmi méjèèje, mi ò wọ̀n wọ́n. Mo fi ti Àbámẹ́ta àti ti Ajé ṣírò wọn ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo kọ pé àgbàdo dúró nígbà tó wà nílẹ̀. Mo ti yọ gbogbo wọn kúrò. Lọ́la, àlàfo ni mo máa gbé dúró níwájú yín. Ẹ forí jì mí, mà.

Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ti rí i. Wọn ò dáhùn.

Mo sáré lọ bá Bàbá Ọgbà. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ojú ewé yẹn. Wọ́n ní, “Ta ló fẹ́ ya á? Ẹnu rẹ ni mo fi ń wádìí.”

17.

ÌYÁ MI: Ta ló ti mọ̀?
ÈMI: Bàbá Ọgbà. Màmá Rúlà. Ẹ̀yin náà báyìí, mà.
ÌYÁ MI: Wọ́n lè dá ọ padà wálé?
ÈMI: Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà.
ÌYÁ MI: Ìwọ tí o ò lè parọ́ pé o jẹun. Ó ku ìjọ.
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún wọn.
ÌYÁ MI: Èmi ni mo jẹ́rìí níwájú wọn. Èmi náà ní àtúnṣe tèmi láti ṣe. Jẹ́ kó jẹ́ pé tìrẹ lo kọ́kọ́ ṣe.

18.

ỌJỌ́ ẸTÌ, GBỌ̀NGÀN ŃLÁ

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹjọ ni Onítàn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méje, ó dáhùn márùn-ún, ó ní òun ò mọ méjì. Èmi ló kàn.

Màmá Rúlà wà ní ìlà iwájú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn nígbà tí mo ń kọjá. Ìwé ni wọ́n ń wò.

19.

LÁTINÚ Ẹ̀RỌ TÓ GBA OHÙN SÍLẸ̀

ALÁGA: Akẹ́kọ̀ọ́ kẹsàn-án.
AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ọjọ́ méjìlélógójì ni mo fi wọn àgbàdo.
ALÁGA: Mọ́kàndínláàádọ́ta ló wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ wa.
AKẸ́KỌ̀Ọ́: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo kọ ọ́. Méje nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.
(Ariwo àga.)
ALÁGA: Ṣé olùdarí rẹ mọ̀ sí i?
ALÁGA: Akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè ni mo bi ọ́.

20.

Màmá Rúlà dìde. Wọn ò wò mí. Wọ́n nawọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri, wọ́n fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bí wọ́n ṣe mí sínú, kí wọ́n tó ní, “Mo mọ̀ sí i. Àná ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.”