Fọ́tò Tó Mọ́ Jù

Ẹ̀rù ló sọ mí di ayafọ́tò. N kò nífẹ̀ẹ́ sí kámẹ́rà, n kò sì rí ohun tí èèyàn ń fi ẹja tí kò ṣeé jẹ ṣe. Bàbá mi ló fẹ́ràn wọn.

Bàbá fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì ní ìlú Oǹdó. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, àpótí gíláàsì ńlá kan ló sì gbé wá sí pálọ̀ mi. Omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bíi ti òkun. Ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iyùn ni olórí nǹkan. Kì í ṣe iyùn tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn o. Iyùn ààyè ni, tó ń jẹun, tó ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú omi. Adélaní àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó, ló ń bá a wá wọn. Bí Bàbá bá jí, àwọn ló máa kọ́kọ́ kí, kó tó wá rántí pé mo wà nílé.

Nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ ọn, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, pé bó bá pẹ́ jù, yóò ran kíndìnrín rẹ̀. Bàbá ní bí ẹnikẹ́ni yóò bá fi abẹ kan òun, ìlú òun ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Ó kó aṣọ mẹ́ta, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó, ó sì fi èmi àti ẹja sílẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ló pa: kí n máa fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ní Ọjọ́rú, tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, mo fi fóònù yà wọ́n wàràwàrà kí n tó lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká. Iná tó wà lórí àpótí náà, aláwọ̀ aró ni, nítorí irú rẹ̀ ni iyùn ń fẹ́. Ó máa ń mọ́ ojú èèyàn lára, ṣùgbọ́n fóònù mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo fọ́tò náà di aró pọ́ńbélé. Iyùn dà bí òkúta, ẹja di òjìji. Bàbá wò ó, ó gbà pé gbogbo wọn ti kú, pé ńṣe ni mò ń fi í pamọ́ fún òun. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti gòkè dé ibi tí dókítà fi ní àwọn ò lè fi abẹ kàn án. Wọ́n sún un di Mọ́ńdè.

Sísítà Tèmítọ́pẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ló pè mí lọ́jọ́ Ẹtì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bàbá yìí wá fọ́tò gidi. Wọn ò sùn mọ́. Tá a bá tún sún iṣẹ́ abẹ yìí síwájú, dókítà ní ẹ̀rù kíndìnrín wọn ń ba òun."

Láti orí àga ọ́fíìsì ni mo ti pe Goodness, ayafọ́tò àdúgbò wa. Mo ti sin òbí kan. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó fi fóònù pa ìkejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Goodness yà sílé mi láti ibi ìgbéyàwó tó ti lọ ya fọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ó máa ń pàṣẹ fún èèyàn bí ọ̀gá iléèwé. Iná àpótí ti kú, nítorí Bàbá ti ṣètò rẹ̀ kó máa kú fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́fà. A ju tòmátì kan sínú ìgò omi, òun la fi kọ́ṣẹ́. Ó ní kí n pa iná pálọ̀ kí ojú mi má bàa hàn lára gíláàsì, kí n sì gbé ẹnu kámẹ́rà kojú rẹ̀ gbọọrọ, kí n má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n jẹ́ kí ṣọ́tà, ojú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń pa, yára, kí n gbé ISO tó ń fi kún ìmọ́lẹ̀ sókè bí ó bá ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kí n má gbé e jù, kí fọ́tò má bàa rí ṣákaṣàka bíi yanrìn. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń sọ fún kámẹ́rà irú iná tó ń tàn. Ó ní kí n yí nọ́ńbà ibẹ̀ lọ sókè pátápátá títí aró yẹn á fi dínkù. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìpàdé ọ́fíìsì.

"Tí ọwọ́ àwọn iyùn bá ṣì ń jù ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ ọ́ọ̀fù pọ́ǹpù, àǹtí mi. Omi á dúró. Ẹ yà wọ́n, kẹ́ ẹ tún tàn án padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Ó fi kámẹ́rà rẹ̀ kejì sílẹ̀ fún mi, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí iná àpótí ti tàn, mo pa pọ́ǹpù. Bọ́ọ̀dù iná kan náà lára ògiri ló gbé pọ́ǹpù, fáànù tó ń tu omi lára, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ló bá jẹ́ pé gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan; iná àpótí nìkan, tí kò sí lórí bọ́ọ̀dù náà, ló ṣẹ́kù. Mo yà, mo yà. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, hẹ́ẹ̀dìtáì orí mi tó hàn lára gíláàsì nìkan ló mọ́. Lẹ́yìn bí ogún, ọ̀kan jáde tó jẹ́ pé mo lè ka ìka iyùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé rẹ̀ hàn, pupa rẹ̀ hàn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀, kí n má parọ́.

Ẹni tí Bàbá mi bá tọ́ kì í jáde nílé láì wo ara ògiri. Nígbà tí mo wà ní pámárì, iná ọba wọlé tagbáratagbára lọ́jọ́ kan, ó jó fíríìjì wa àti tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ dòfin: kó o tó ti ilẹ̀kùn, rí i pé gbogbo bọ́tìnnì wà ní pípa. Bọ́ọ̀dù ẹja nìkan ni òfin yìí yọ sílẹ̀, nítorí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú iná pamọ́, ló gbé e. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo rẹ̀ wà ní pípa. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Bàbá gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó ń wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ẹja aláwọ̀ ọsàn kan tó ń pè ní Mónítọ̀, ó ní ó ti sanra. Ó mú fọ́tò kan súnmọ́ ojú.

"Ó mọ́ jù," ó ní. "Omi yìí dúró jẹ́ẹ́."

"Goodness ló ní kí n pa pọ́ǹpù kó lè mọ́, sà."

"O tàn án padà?"

Ojú inú mi rí ògiri náà. Mo rí bọ́tìnnì bọ́ọ̀dù ẹja, ní pípa, láàárín àwọn yòókù. Sísítà Tèmítọ́pẹ́ dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́.

"Mo ti tàn án, sà," ni mo wí.

Bàbá wò mí lójú. "Ó dáa. Máa lọ sílé. Má wulẹ̀ dúró jẹun."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé gáréèjì. Awakọ̀ ní ó ku èrò kan, mo ní èmi náà ni èrò yẹn, màá sanwó èèyàn méjì, kó gbéra. Mo ń ṣírò wákàtí: láti aago méje àbọ̀ dé aago mọ́kànlá, omi tó dúró, oòrùn, kò sí fáànù, kò sí atẹ́gùn. Ní Ọ̀wẹnà, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró, awakọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ọ̀kan tó mọ̀. Mo fẹ́ jágbe mọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún pé nítorí ẹja ni? Ẹja kọ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù. Bàbá ni mò ń rí lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ẹja wà lókè omi, wọ́n ń la ẹnu. Mónítọ̀ àti òmíràn kan ti kú sísàlẹ̀. Iyùn ti káwọ́ wọn wọlé, gbogbo rẹ̀ rí játijàti. Mo tẹ bọ́tìnnì náà, omi hó, mo sì kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì fún wákàtí méjì, mò ń bẹ àwọn nǹkan tí kò létí. Nígbà tó yá, àwọn ẹja yòókù sọ̀ kalẹ̀. Iyùn kan na ìka kan jáde.

Ó di aago márùn-ún. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gòkè, kí wọ́n tún sún iṣẹ́ abẹ. Bí n kò bá sì sọ ọ́, tí wọ́n gbé e wọlé láàárọ̀, tí kò jí, a jẹ́ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo bá bàbá mi sọ kẹ́yìn. Mo gbé fóònù, mo gbé e kalẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìkeje ni mo tó pè é.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò tàn án. Mónítọ̀ kú, ọ̀kan sì tún kú."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ó hàn lójú rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o máa lọ. Sísítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn tó o lọ, ó ti rẹlẹ̀. Wọ́n ní lọ́la náà ni."

"Inú ò bí yín?"

"Ṣìkẹ́mi, kì í ṣe ẹja ló gbé ẹ̀jẹ̀ mi gòkè." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. "Abẹ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, fọ́tò lò ń fi ránṣẹ́. Òní lo kọ́kọ́ wá, mo sì tún ní láti lé ọ lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ síwájú àpótí náà.

"Wá láàárọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé," ó ní. "Má mú kámẹ́rà wá. Kó o kàn jókòó tì mí."

Mo ní màá ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.